Ọ̀nà Tí A Tún Ṣe De Àlejò

Ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò joyè, kò lọ Mẹ́kà, kò sí àdúgbò tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè. Ìyá onílé mi ni. Fàúsátù Àbẹ̀bí ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n tí o bá dé Ìjẹ̀gùn tí o ní Fàúsátù lò ń wá, wọ́n á ní kò sírú ẹni bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Ìyá Tàjù ni gbogbo ayé ń pè é. Ọmọ tí kì í wálé ni wọ́n fi ń pè é láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, òun náà a sì máa dáhùn tẹ̀ríntẹ̀rín. Èmi tí mò ń sọ ọ́ yìí, Matilda ni orúkọ mi, ará Ìjẹ̀ṣà ni mí, tíṣà sì ni mí. Ọdún mẹ́fà ni mo fi gbé rúùmù kan nílé rẹ̀, láti 1988 sí 1994. Ahọ́n mi mú díẹ̀, àwọn ọmọ kíláàsì mi mọ̀, ẹ forí jì mí.

Ilé náà wà lẹ́bàá ọ̀nà tó ti Ìkòtún wọ Ìjẹ̀gùn. Mò ń pè é ní ọ̀nà torí pé mi ò mọ orúkọ mìíràn tí mo lè pè é. Kí èmi tó dé ibẹ̀ ni àwọn iléeṣẹ́ elépo ti wá ri páìpù mọ́lẹ̀, oko ẹ̀gẹ́ Sàlámì, ọkọ Ìyá Tàjù, sì wà lára ibi tí páìpù náà gbà kọjá. Wọ́n la ọ̀nà kí katapílà wọn lè ráyè wọlé, wọ́n da yangí sí i, inú àwọn èèyàn dùn, wọ́n rò pé títì ti dé. Ìgbà tí páìpù wọlẹ̀ tán, wọ́n kó katapílà wọn, ó dìgbóṣe. Láti ìgbà náà, àwọn ọkọ̀ ńlá wọn tó ń wá yẹ páìpù wò nìkan là ń rí. Wọ́n á wá, wọ́n á fi táyà gún ọ̀nà bí ẹni gún iyán, wọ́n á tún lọ. Epo ń gba abẹ́ ẹsẹ̀ wa kọjá lọ síbi tí títì ọ̀dà wà, àwa tó wà lókè, bàtà wa ń bẹ lọ́wọ́, ẹsẹ̀ wa ń bẹ nínú ẹrẹ̀. Ṣé irú ìyẹn dáa?

Rúùmù mẹ́jọ ló wà nílé náà. Nígbà tí mo kó dé, márùn-ún ni èèyàn wà nínú wọn, ariwo ọmọ kì í jẹ́ kí n ráyè máàkì ìwé. Òjò ọdún kan rọ̀, ẹnì kan kó lọ sí Baruwa. Òjò ọdún kejì rọ̀, tọkọtaya kan kó àwọn ọmọ wọn lọ sí Igando, wọ́n ní èéfín ààtàn ibẹ̀ sàn ju ẹrẹ̀ tiwa lọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi ku èmi àti ìyá náà. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, á ṣí àwọn rúùmù òfìfo náà, á gbá wọn, á ṣí fèrèsé wọn kí atẹ́gùn wọlé, á sì tún tì wọ́n pa. Mà á máa gbọ́ ìró ìgbálẹ̀ rẹ̀ láti rúùmù kan dé èkejì, kò sí ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Ó máa ń dùn mí, mi ò ní purọ́.

Ọmọ mẹ́rin ni ó bí. Tàjùdíìnì nìkan ló kù fún un, iṣẹ́ ọ́fíìsì ló ń ṣe ní Ìkẹjà. Ọmọ dáadáa ni, kò sí ẹni tó lè sọ pé olè ni tàbí ọ̀mùtí. Ní ọdún 1989, ó ra mọ́tò àlòkù kan, ó sì gbé e wá kí ìyá rẹ̀ rí i. Mọ́tò náà kò tíì dé ojú ilé tó fi rì. Ibi tí wọ́n ti ń gbìyànjú láti gbé e jáde ni abẹ́ ẹ́ńjìnnì ti gbá òkúta, gbogbo ọ́ìlì dà sílẹ̀. Gbogbo wa la tì í, èmi pẹ̀lú. Síkẹ́ẹ̀tì tí mo wọ̀ lọ́jọ́ náà, mi ò rí i fọ̀ kó mọ́ mọ́ títí mo fi sọ ọ́ nù. Tàjù dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó ń fi ewé nu bàtà rẹ̀, ó wá sọ fún ìyá rẹ̀ pé, "Màámi, ẹ̀yin náà rí i. Ọjọ́ tí wọ́n bá ṣe ọ̀nà yìí, ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ lẹ ó máa rí mi."

Bóyá òun ti gbàgbé kó tó dé Ìkòtún. Ìyá rẹ̀ kò gbàgbé.

Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi í léèrè ọmọ rẹ̀, á ní ọ̀nà ni ò jẹ́ kó wá. Ọdún Iléyá dé, kò rí Tàjù, ọ̀nà ni. Tàjù bímọ, wọ́n sọ ọmọ lórúkọ ní Ìkẹjà, Ìyá Tàjù lọ lọ́jọ́ kan péré, ó padà. Wọn ò gbé ọmọ náà wá kí ilé lè mọ̀ ọ́n, ọ̀nà ni. Ó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀ fún wọn nínú rúùmù iwájú, ó fi bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì tuntun sí i, eruku bà á, ó fọ̀ ọ́, ó tún tẹ́ ẹ. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà wá di iṣẹ́ rẹ̀. Ní ìpàdé àwọn onílé, òun nìkan ni obìnrin láàárín wọn, torí pé ọkọ rẹ̀ ti kú. Wọ́n á sọ̀rọ̀ ọlọ́dẹ, wọ́n á sọ̀rọ̀ ewúrẹ́ tó ń jẹ ẹ̀fọ́ onílé-onílé, tí wọ́n bá fẹ́ ṣàdúrà kí wọ́n túká báyìí, á dìde: "Ẹ ti yanjú ti ewúrẹ́. Ọ̀nà ńkọ́?" Wọ́n sọ ọ́ ní Mínísítà. "Mínísítà ti tún dé o!" "Mínísítà, ẹ jókòó, jàre." Kò bínú rí. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, ohun tó máa ń sọ fún mi nìyẹn tí a bá ń bọ̀ wálé.

Èmi ni akọ̀wé rẹ̀, òun ló ń mú mi lọ sí ìpàdé. Á wá kan ilẹ̀kùn mi, á jókòó sórí àpótí, á ní, "Tíṣà, kọ ọ́ pé ọ̀nà náà ń gbé èèyàn mì." Mà á ní, "Màmá, gẹ̀ẹ́sì ò gbà bẹ́ẹ̀." Á ní, "Kọ ọ́ bí gẹ̀ẹ́sì bá ṣe gbà á, ṣá ti jẹ́ kó dùn wọ́n." Mà á kọ ọ́. Bàbá Ọlátúnbọ̀sún, alága àwọn onílé, akọ̀wé rélùwéè tó ti fẹ̀yìntì, á buwọ́ lù ú. Ìyá Tàjù á tẹ̀ka lé e kí àwọn yòókù tó ṣe tiwọn. Lẹ́tà méje la kọ sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọ̀nà láàárín ọdún mẹ́ta, a ò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tó di oṣù kejì ọdún 1993, èsì dé. Wọ́n ní àwọn á rán èèyàn mẹ́ta wá ní Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù kẹta, kí wọ́n fi ojú ara wọn rí bí ọ̀nà náà ṣe bàjẹ́ tó. Ìyá Tàjù ní kí n ka ibẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ó fi etí ìró nu ojú.

Ibi tí a ti ṣe àṣìṣe nìyí, kí ẹ gbọ́ ọ dáadáa, torí èmi náà wà níbẹ̀. Ní ìpàdé Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, inú gbogbo èèyàn ń dùn. Ìyá Tàjù dìde, ó ní, "Àlejò ńlá ń bọ̀ wá bá wa. Ṣé báyìí ni wọ́n á ṣe wá bá ojúde wa?" Ó ní, "Lọ́dún tó kọjá, ọ̀gá kan lára àwọn elépo ń bọ̀, ó dé ibi kòtò àkọ́kọ́, ó ní kí dírẹ́bà òun ṣẹ́rí padà. Ṣé ẹ ti gbàgbé ni? Tí àwọn wọ̀nyí náà bá ṣẹ́rí padà ńkọ́? Ẹni tí kò ríbi wọlé, báwo ló ṣe máa gbọ́ ẹjọ́ wa?" Bàbá Ọlátúnbọ̀sún ní òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, ó ní ìtìjú gbáà ni kí mọ́tò àlejò rì lójú wa. Ẹnì kan ní òun á mú ṣọ́bìrì wá. Ẹlòmíràn ní òun ní bárò méjì nílé. Wọ́n ti tọ́ gbogbo wa pé a kì í jẹ́ kí àlejò bá ilé ẹni ní rúdurùdu. Èmi tó kàwé láàárín wọn, tó yẹ kí n rò ó síwá rò ó sẹ́yìn, àtẹ́wọ́ ni mo pa.

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko la fi ṣe é. Mi ò tíì rí irú iṣẹ́ ọ̀wẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí ní Èkó. Àwọn ọkùnrin ń gbẹ́ yangí lẹ́yìn iléèwé, wọ́n ń fi bárò tì í wá. Ìdíátù tó ń ṣe àdín ní ìsàlẹ̀ àdúgbò yọ̀ǹda gbogbo èèpo èkùrọ́ rẹ̀, òkìtì tó ga tó òrùlé. Wọ́n dà á sínú kòtò, wọ́n fi igi kì í mọ́lẹ̀. Búlọ́ọ̀kù wà lẹ́yìnkùlé wa tí Sàlámì ti ṣe sílẹ̀ kó tó kú, ilé kejì ló fẹ́ fi kọ́. Ìyá Tàjù ní kí wọ́n kó o, kí wọ́n fọ́ ọ sínú kòtò iwájú ilé àti sínú èyí tí mọ́tò Tàjù ti rì sí. Mo ní, "Màmá, ilé tí Bàbá fẹ́ kọ́ ńkọ́?" Ó wò mí bí ẹni pé orí mi ò pé. "Ilé wo? Rúùmù mẹ́jọ tó wà níbẹ̀ yẹn, mélòó ni èèyàn wà nínú ẹ̀?" Òun fúnra rẹ̀ ló gbé àkọ́kọ́ nínú wọn rù jáde, ìyá ẹni ọdún márùndínláàádọ́rin.

Ìgbà tí a ṣe é tán, ọ̀nà náà tẹ́ pẹrẹsẹ. Àwọn ọlọ́kadà ń sáré lórí ẹ̀, wọ́n ń fọn fèrè lásán. Mo wọ bàtà gíga lọ síléèwé fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún márùn-ún, mo sì ń yan bí ọ̀gá.

Ọjọ́bọ̀ pé. Pijó funfun kan wọlé wẹ́rẹ́, kò mì, kò já sí kòtò kankan, àfi bí ẹni ń wakọ̀ ní Ìkòyí. Ọkùnrin méjì àti obìnrin kan bọ́ sílẹ̀. Ọ̀gá wọn wọ bàtà funfun, bàtà náà sì funfun títí ó fi lọ. A ti se ìrẹsì, a ti pa adìyẹ, míníra ti wà nínú omi tútù. Wọ́n jẹ, wọ́n mu. Ọ̀gá náà wá ṣí fáìlì rẹ̀, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní, "Bàbá, ọ̀nà yín mà dáa o! Ẹ wá wo ti àdúgbò tèmi kí ẹ sunkún." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbààgbà wa náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó kọ nǹkan sínú fáìlì.

Ibẹ̀ ni ojú mi ti là. Mo sún mọ́ Bàbá Ọlátúnbọ̀sún, mo sọ ọ́ sí i létí pé, "Bàbá, ẹ sọ fún wọn pé àwa la tún un ṣe. Ẹ sọ fún wọn pé òjò ńlá kan ló máa gbé gbogbo ẹ̀ lọ!" Bàbá wò mí bí ẹni pé mo bọ́ra sílẹ̀ ní gbangba. Ó ní, "Tíṣà, ṣé wọ́n máa ń sọ fún àlejò pé torí ẹ̀ la ṣe gbálẹ̀ ni?" Mo ní ó dáa, èmi á sọ ọ́ fúnra mi. Mo la ẹnu, "Ẹ jọ̀wọ́, sà..." Ọ̀gá náà yí sí mi, ó ní, "Áà, tíṣà! Ẹ̀yin lẹ kọ lẹ́tà yẹn? Gírámà pọ̀ nínú ẹ̀ o!" Ẹ̀rín tún sọ. Kó tó rọlẹ̀, wọ́n ti wà nínú mọ́tò. Ìyá Tàjù sáré bá wọn, ó fi adìyẹ tó ṣẹ́kù dì sínú ewé fún wọn, kí wọ́n lè rí nǹkan jẹ tí wọ́n bá délé. Mo kó àwọn àwo tí wọ́n fi jẹun wọlé tìbínú-tìbínú.

Òun kò bínú, kò tiẹ̀ rí ohun tí mò ń bínú sí. Lọ́jọ́ kejì, ó kan ilẹ̀kùn mi.

"Tíṣà, bá mi kọ ìwé."

"Sí àwọn ta ni, Màmá?"

"Sí Tàjù. Sọ fún un pé ọ̀nà ti dára. Sọ fún un pé kó máa bọ̀."

Yorùbá ni mo kọ, kò ju ìlà mẹ́rin lọ. Kò fọkàn tán póòsì, èmi náà ni mo mú un lọ sí Ìkẹjà lọ́jọ́ Ajé. Tàjù yọ̀ mọ́ mi, ó ra Fáńtà fún mi, ó ka ìwé náà lójú mi. Ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n! Wọ́n ti ṣe é? A dúpẹ́ o. Ẹ bá mi sọ fún Màámi pé mò ń bọ̀ ní Sọ́ńdè. Sọ́ńdè tó ń bọ̀ yìí gan-an." Ó sìn mí jáde. Mọ́tò rẹ̀ wà níwájú ọ́fíìsì, ẹrẹ̀ pupa ti gbẹ mọ́ ọn lára láti táyà dé ibi tí wọ́n ń dì mú ṣílẹ̀kùn. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, níbo lẹ gbé eléyìí gbà?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ má wulẹ̀ dá a sílẹ̀. Abúlé àwọn àna mi la lọ lópin ọ̀sẹ̀. Ibi tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ni. Ọ̀nà ibẹ̀, Àǹtí, ọ̀nà Ìjẹ̀gùn ò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Oṣooṣù là ń gbà á."

Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́, etí rẹ̀ kò sì gbọ́. Kò bá ìyá rẹ̀ jà. Kò bínú sí i. Ká ní ó tiẹ̀ ń bínú ni, ì bá sàn, ẹni tó ń bínú síni ṣì ń ro tẹni. Mo wo ẹrẹ̀ ara mọ́tò náà títí, mo ní ó dàbọ̀. Nígbà tí mo délé, Ìyá Tàjù ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní, "Ó ní òun ń bọ̀ ní Sọ́ńdè." Mi ò sọ̀rọ̀ ẹrẹ̀. Kí ni mo fẹ́ sọ?

Sọ́ńdè náà, kí n tó jí, ó ti pa àkùkọ. Kí n tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti wẹ̀, ó ti wọ léèsì tó wọ̀ níbi ìkómọ ọmọ Tàjù, ó gbé àga síta, ó kọjú sí ọ̀nà. Ìgbà tí mo dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, orí àga náà ni mo bá a, kò tíì jẹun, ó ní òun fẹ́ bá wọn jẹ. Bí ọ̀kadà bá kọjá, á na ọrùn. Bí mọ́tò bá ń bọ̀, á dìde. Ìta gbangba níbẹ̀ ló ti kírun àsárì, kó má bàa jẹ́ pé inú ilé ló wà tí wọ́n á fi dé. Ní ìrọ̀lẹ́, ó wọlé lọ bo ìkòkò. Ó ní, "Bóyá ara ọmọ ẹ̀ ò yá." Mo ní ó ṣeé ṣe, Màmá. Ó bu ọbẹ̀ fún mi.

Sọ́ńdè kejì, ó tún se oúnjẹ, èèyàn ò yọjú. Sọ́ńdè kẹta, kò dáná. Ìgbálẹ̀ ló mú, ó jáde lọ sí ojú ọ̀nà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a, láti iwájú ilé wa títí dé ibi tí Tàjù ti rì lọ́jọ́sí. Ó ń ṣa òkúta, ó ń gbá ewé kúrò, ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ ibi tí yangí ti fẹ́ ṣí. Ìdíátù ń kọjá, ó ní, "Ìyá Tàjù, ṣé pálọ̀ yín ni?" Ó ní, "Ọmọ mi ń bọ̀." Ìdíátù wò mí, mo wo ilẹ̀. Nígbà tó gbá a tán, ó wá jókòó tì mí.

"Tíṣà, ṣé ọwọ́ ẹ̀ gan-an lo fi ìwé yẹn lé?"

"Ọwọ́ ẹ̀ ni, Màmá."

"Ṣé ó rí ibi tí mo ti ní ọ̀nà ti dára?"

"Ó rí i. Ó kà á lójú mi."

Ó mú ìgbálẹ̀ rẹ̀, ó wọlé. Mo ń bínú sí Tàjù lọ́jọ́ náà, mo sọ ọ́ sínú pé ọmọ wo lèyí. Ẹ sì má bi mí ìgbà tí èmi náà lọ wo ìyá mi nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà gbẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ ara mi nìyẹn.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni ìwé dé láti ọ̀dọ̀ àwọn àlejò tó wá wo ọ̀nà. Mo kà á ní ìpàdé. Wọ́n ní àwọn ti yẹ ọ̀nà Ìjẹ̀gùn wò, àwọn rí i pé ó wà ní ipò tó dára, àwọn sì kí àwọn ará àdúgbò fún ìtọ́jú tí wọ́n ń ṣe sí i. Wọ́n ní àwọn ti pa fáìlì náà dé. Ẹ ò rí ariwo! Bàbá Ọlátúnbọ̀sún bọ́ fìlà, ó fi bo ojú. Ìdíátù tó wá wòran lẹ́nu ọ̀nà pariwo, "Èèpo èkùrọ́ mi! Gbogbo èèpo èkùrọ́ mi!" Wọ́n wá dojú ọ̀rọ̀ kọ Ìyá Tàjù, wọ́n ní òun ló ní kí a gbálẹ̀ de àlejò. Mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, pé gbogbo wa la gbé ṣọ́bìrì. Ìyá Tàjù jókòó síbẹ̀ bí ẹni tí kò gbọ́. Mo mọ̀ pé ìwé kọ́ ló wà lọ́kàn rẹ̀. Sọ́ńdè kẹrin ló ń kà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ọ̀nà náà fi dára. Sọ́ńdè mẹ́fà. Ìyá náà rù láàárín ìgbà náà, ẹ̀wù rẹ̀ ń yọ̀ kúrò léjìká rẹ̀. Kò sọ pé ọ̀nà ni mọ́. Tí wọ́n bá béèrè Tàjù lọ́wọ́ rẹ̀, á ní, "Ó wà," á sì wọlé. Mo bá a sọ̀rọ̀ pé kí a jọ lọ sí Ìkẹjà lọ wò ó, ó ní rárá, òun ò ní lọ bá ẹni tí òun ti ní kó máa bọ̀.

Oṣù karùn-ún wọlé, òjò dé. Òjò náà ì bá tiẹ̀ ṣe é díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n nǹkan kan ṣe páìpù lápá ìsàlẹ̀, ọkọ̀ ńlá mẹ́rin sì wọlé láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan láti wá tún un ṣe. Wọ́n lọ, wọ́n bọ̀, fún ọjọ́ méjì. Ní Ọjọ́bọ̀, ọ̀nà ti tán. Èèpo èkùrọ́ léfòó sórí omi, búlọ́ọ̀kù Sàlámì yọ orí síta nínú ẹrẹ̀. Àwọn èèyàn dúró káàkiri, wọ́n káwọ́ lérí. Mo rí Ìyá Tàjù tó jáde wá wò ó. Mo sáré dì í lápá, mo rò pé á ṣubú ni.

Kò ṣubú. Ó wò ó títí, ó mí kanlẹ̀, ó wọlé, ó tẹ ẹ̀bà. Mo gbọ́ ìró àwo rẹ̀. Ó jẹ ẹ́ tán, ó tún bu òmíràn. Nígbà tó di ọ̀sán, Ìdíátù ń kọjá, ó ká ìró sókè, ó ní, "Ìyá Tàjù, ẹ ẹ̀ wá rí ọmọ yín títí ọ̀nà fi tún bàjẹ́." Ìyá náà jáde sí gbangba, ó gbé ohùn sókè kí gbogbo àdúgbò gbọ́: "Ṣé ẹ ò ríran ni? Irú ọ̀nà yìí? Mọ́tò wo ni ọmọ mi fẹ́ gbé gba ibí? Ṣé kó wá fọ́ ẹ́ńjìnnì lẹ́ẹ̀kejì ni?" Ó rẹ́rìn-ín! Mi ò gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Inú kọ́kọ́ bí mi, mo ní kí ló ń pa ìyá yìí lẹ́rìn-ín nígbà tí gbogbo èèyàn ń sunkún. Lẹ́yìn náà ni ó yé mi.

Àwọn onílé pàdé. Wọ́n ní lọ́tẹ̀ yìí, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi ṣọ́bìrì kan ọ̀nà. Wọ́n pe ayafọ́tò láti Ìkòtún, ó ya kòtò kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú èèyàn tó dúró nínú ẹ̀ kí ó lè hàn bó ṣe jìn tó. Wọ́n ní kí n kọ lẹ́tà. Mo sọ òtítọ́ gbogbo nínú ẹ̀, mo sọ pé àwa la tún ọ̀nà ṣe torí àlejò, pé ìwà ọmọlúàbí ló kó bá wa. Lẹ́tà tí mo kọ dáa jù nínú ayé mi nìyẹn. Bàbá Ọlátúnbọ̀sún buwọ́ lù ú, ó ní kí n gbé e lọ fún Mínísítà kó tẹ̀ka kí àwọn yòókù tó ṣe tiwọn.

Ẹ̀yìnkùlé ni mo bá a, ó ń ṣa ẹ̀wà. Mo kà á fún un ní Yorùbá láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ní, "Ó dáa. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n máa ṣe é." Mo ní, "Àmín, Màmá." Mo ṣí íńkì, mo tẹ́ ìwé náà lé orí àpótí níwájú rẹ̀, mo na ọwọ́ kí n di àtàǹpàkò rẹ̀ mú bí mo ṣe máa ń ṣe.

Ó kó ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ ìró.

Mo ní, "Màmá, ẹ tẹ̀ ẹ́, wọ́n ń dúró dè mí." Kò wò mí. Ó ń wo ìwé náà, ojú rẹ̀ kéré bí ojú ọmọdé tí wọ́n fẹ́ fún ní abẹ́rẹ́.

"Tíṣà," ó ní, "tí wọ́n bá wá ṣe é lóòótọ́, tí ọmọ mi kò sì wá ńkọ́?"